Ẹrù Tó Jókòó Sáàárín Ọkọ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ tí iyanrìn tín-ín-rín ti la òkun àti ọ̀sà láàárín, tí kò ní ilé mìíràn ju ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìyà ló gbé e dé orí omi. Káfíńtà ọkọ̀ ni láti ìgbà èwe rẹ̀; ó ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja, ó sì ń dí èyí tó bá ń jò. Nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un lọ sílé ọkọ, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti kan ọkọ̀ fún ẹlòmíràn tó. Ó ní òun fẹ́ kan ọ̀kan tí àwọn méjèèjì á máa gbé kiri, kí àwọn lè fi ojú rí àwọn ìlú etí omi tí àwọn kàn ń gbọ́ orúkọ wọn lásán. Inú ìyàwó rẹ̀ dùn sí i. Ẹní ni obìnrin náà ń hun, kò sì sí èbúté tí wọn kì í ti í wá ẹní rà.

Ọkọ̀ náà dára. Ó ri òpó ìgbòkun mọ́ ọn láàárín, ó ṣe yàrá kékeré kan sí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń sùn sí, ó sì fi pákó bo gbogbo òkè rẹ̀, tí èèyàn fi lè rìn láti ìdí ọkọ̀, níbi tí igi ìtọ́kọ̀ wà, dé iwájú pátápátá láìsí ohun tó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Pákó yẹn a máa dán bí ojú àwo. Láàárọ̀, obìnrin náà a tẹ́ koríko rẹ̀ síwájú ọkọ̀, a na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a máa hun ẹní tó fẹ̀ tó èyí tí tọkọtaya àti ọmọ wọn lè sùn lé. Ọkọ rẹ̀ a jókòó ti igi ìtọ́kọ̀, a máa wo ìgbòkun, a sì máa wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Bí obìnrin náà bá rí ẹyẹ kan tó wù ú, á sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, ọkùnrin náà á sì gbọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí di ọjọ́ tí ìjì ká wọn mọ́ ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi òkun àti omi ọ̀sà ti ń bá ara wọn jà. Okùn tó mú ìgbòkun já. Aṣọ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí lu ara rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, obìnrin náà sì gbá òpó mọ́ra. Kí wọ́n tó pariwo tán, ìjì ti kọjá. Kò sí ẹni tó farapa. Kò sí ohun tó bọ́ sómi àfi fìlà ọkọ. Obìnrin náà wo orí rẹ̀ tó ṣófo, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan ti wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kò bá ẹ̀rín náà jáde.

Ní èbúté tí wọ́n gúnlẹ̀ sí, apẹja àgbàlagbà kan fún un ní okùn tí yóò fi rọ́pò èyí tó já. Bí ó ti fẹ́ máa lọ, apẹja náà na òmíràn sí i.

“Mú èyí náà dání. O ò lè mọ̀. Ó dáa kó wà.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ó gbà á, ó ká a, ó so ó mọ́ ìdí òpó.

Láti ọjọ́ náà, kò sí èbúté tó dé tí ojú rẹ̀ kò wá nǹkan. Ó rí ìdákọ̀ró kan tó ti dípẹtà létí omi, ó rántí pé ọ̀kan ṣoṣo ni tiwọn, ó gbé e. Ó rò ó pé àjẹ̀ lè ṣẹ́, ó wá òmíràn kún un. Ó rò ó pé omi mímu lè tán lójú ọ̀nà, ó kó kẹ́ẹ̀gì jọ, ó fi okùn gba gbogbo wọn lọ́rùn. Nítorí pé oòrùn ń pa kẹ́ẹ̀gì, ó ra tapólì, ó fi bò wọ́n. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ṣí tapólì, ó wá pátákó tó wúwo, ó gbé e lé e. Nígbà tí ọkọ̀ wá wúwo, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà á kí ó má lọ jò, ló bá wá ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí ọkọ̀, àti àgbá tí yóò máa rọ ọ̀dà sí. Opó kan ní erékùṣù kan bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé àwọ̀n ọkọ òun tó kú lọ, nítorí òun kò lè máa wò ó lójoojúmọ́. Ọkùnrin yìí kì í pẹja. Síbẹ̀ ó gbé e. Ó ní bí oúnjẹ bá tán lọ́jọ́ kan ńkọ́?

Bí o bá bi í léèrè ìdí tí ẹyọ kan fi wà níbẹ̀, á ṣàlàyé fún ọ, àlàyé náà á sì tọ́. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò ní ìdí. Àpapọ̀ wọn ni kò ní.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ni obìnrin náà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló ń fi mọ̀ ọ́n. Ẹní ńlá tó ń hun tẹ́lẹ̀ kò rí ibi tẹ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí hun ẹní ẹnì kan. Nígbà tó ṣe, ó ń hun ẹní ọmọdé. Nígbà tó tún ṣe, abẹ̀bẹ̀ nìkan ló ń hun, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lórí pákó, èkejì ń rọ̀ dirodiro sójú omi. Ní èbúté, àwọn obìnrin a máa bi í pé ṣé kò hun ẹní mọ́ ni. Á ní ó ń rẹ òun ni.

Ọ̀nà tó ti ìdí ọkọ̀ lọ síwájú di tóóró. Wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nígbà tó yá, orí ẹrù ni wọ́n ń gùn kọjá. Lẹ́yìn náà, wọn kì í kọjá mọ́ bí kò bá pọn dandan. Ọkọ a wà lẹ́yìn, ìyàwó a wà níwájú, ẹrù a wà láàárín wọn. Obìnrin náà a sọ nǹkan. Ọkùnrin náà a pariwo pé, “Kí lo wí?” Òun náà a pariwo padà pé, “Kò sí nǹkan.”

Ọjọ́ kan ni obìnrin náà rí àpótí ìjókòó kan lábẹ́ etí tapólì. Igi dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ojú rẹ̀ ti jẹ wọnú díẹ̀, bíi ti àpótí tí àgbàlagbà kan ti ń jókòó lé fún ọdún gbọọrọ.

“Níbo lẹ ti gbé àpótí yìí wá?” ló bi ọkọ rẹ̀.

“Èmi? Mo rò pé ìwọ lo gbé e wá ni.”

“Èmi kọ́ o.”

“Èmi náà kọ́.”

Wọ́n wo ara wọn lórí ẹrù náà. Ọkùnrin náà ní bóyá ó bá àwọ̀n opó yẹn wá ni. Obìnrin náà ní òun lòun gba àwọ̀n náà lọ́wọ́ opó, òun lòun ká a, kò sí àpótí nínú rẹ̀.

“Ẹ jù ú sómi,” ni obìnrin náà wí.

“Àpótí tó dáa tó báyìí? Ó dáa kó wà.”

Bí ó ti sọ ọ́ tán ni ara rẹ̀ bù máṣọ, nítorí ó ṣe é bíi pé kì í ṣe òun nìkan ló sọ ọ́. Ó tẹ́tí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ tapólì, ó gbé e sókè jẹ́jẹ́, ó sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí àyà ẹni tó ń sùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí abúlé kan tí wọn kò dé rí. Ìyá arúgbó kan ń fọ aṣọ létí omi. Ó nàró, ó fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó sì kí wọn tayọ̀tayọ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kú ewu omi.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Àwa méjì ni, màmá.”

“Méjì báwo? Bàbá tó jókòó láàárín yẹn ńkọ́? Mo ti kí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dá mi lóhùn.”

Tọkọtaya náà yíjú pa dà. Ẹrù ni wọ́n rí, àti tapólì tó bò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ojú wọn kò lè rí ẹrù lásán mọ́. Àgbá tó wà lókè dà bí orí tó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àwọn àjẹ̀ tó yọ sí apá kìíní àti apá kejì dà bí ìgbọ̀nwọ́. Ẹni tó jókòó ni, ẹni tó ní sùúrù, tó ń retí nǹkan kan. Obìnrin náà kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i mọ́ níbi tó bá ti ń hun abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ kì í lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìyàwó rẹ̀ a máa gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn.

“Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?”

“Mo ń ronú ni.”

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó gbé ohun kan ṣoṣo kúrò, ohunkóhun tó bá wù ú. Ọkùnrin náà gbà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan, ó rántí òùngbẹ, ó gbé e pa dà. Ó gbé okùn kan, ó rántí ìjì, ó gbé e pa dà. Níkẹyìn ó rí àjẹ̀ kan tó ti ṣẹ́ sí méjì tí òun fúnra rẹ̀ kò rí àwíjàre fún. Ó jù ú sómi lójú ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì jọ ń wò ó títí ìṣàn omi fi gbé e lọ. Inú obìnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kọrin nígbà tó ń dáná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ́ nǹkan tó ń kan ara ọkọ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dákẹ́. Kọ́, kọ́, kọ́, bí àlejò tó mọ̀ pé wọ́n wà nílé. Nígbà tí wọ́n gòkè, àjẹ̀ náà ló na gbọọrọ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ pé omi ọ̀sà a máa ṣàn lọ, a sì máa ṣàn bọ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á wọlé, ó so ó mọ́ àwọn yòókù, ó sì ta okùn náà ní kókó lórí kókó. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí tó fi ṣe tán. Kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn kan tó ń tukọ̀ kọjá jíṣẹ́ fún wọn pé Mobọ́lájí ọmọ wọn ti bímọ obìnrin, wọ́n sì ń retí bàbá àti ìyá rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn. Ó na ọwọ́ sí koríko rẹ̀ kíá.

“Bàbá Mobọ́lájí, ẹ bá mi yí àgbá kan kúrò níwájú níbí. Mo fẹ́ hun ẹní fún ọmọ tuntun àti ìyá rẹ̀.”

“Jẹ́ ká kọjá ẹnu ọ̀sà ná. Ojú ọjọ́ ò dáa.”

“Ojú ọjọ́ kì í dáa lójú yín mọ́.”

Ọkùnrin náà gbọ́ ìyẹn. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Òótọ́ ni pé kùrukùru ọyẹ́ bo ojú omi lọ́jọ́ náà. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n ó funfun, kò sì ní agbára. Láti ìdí ọkọ̀, ọkùnrin náà kò rí ju ẹrù lọ. Kò rí iwájú, kò rí ìyàwó rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kún inú ìgbòkun, ọkọ̀ ń lọ. Ó gbọ́ tí obìnrin náà ń tú okùn kan níwájú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó mọ̀ pé àgbá ọ̀dà ló fẹ́ dá yí. Ó la ẹnu láti sọ pé kó fi sílẹ̀, òun ń bọ̀ wá bá a ṣe é. Kò sọ ọ́. Ó rò ó pé yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó gbọ́ tí àgbá dún gbì lórí pákó. Ó gbọ́ tí omi fọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ohùn.

“Bàbá Mobọ́lájí!”

Ó fi igi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, ó fò dìde. Ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ju ilé bàbá rẹ̀ lọ, kò rí i là kọjá. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́ẹ̀gì dí i. Ó gba ọwọ́ òsì, àwọ̀n òkú ọkùnrin yẹn wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó nawọ́ mú okùn kan kó lè jù ú sí i. Okùn náà fa òmíràn, òmíràn fa ìdákọ̀ró, gbogbo wọn ti di ara wọn. Okùn tó wà lórí ọkọ̀ yẹn á tó di gbogbo ọkọ̀ èbúté mọ́lẹ̀, kò sì rí apá kan tó lè nà sí ìyàwó rẹ̀.

“Bàbá Mobọ́lájí, èmi rèé o!”

Ohùn náà ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ń gbọ́ ọ láti òdì kejì ẹrù, bí ẹni ń gbọ́ aládùúgbò láti ẹ̀yìn ògiri. Ó sáré pa dà sí ìdí ọkọ̀ kó lè rí i bó bá ti ń kọjá. Ó rí ọwọ́ kan. Ó rí gèlè aláwọ̀ ewé tó ṣí sílẹ̀ sójú omi. Lẹ́yìn náà ni kùrukùru gbé e mì.

Ọkọ̀ ń lọ. Afẹ́fẹ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó fẹ́ rẹ ìgbòkun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí okùn rẹ̀ wà lábẹ́ ẹrù, lábẹ́ pátákó tó gbé lé tapólì. Ìgbà náà ni ó fa ọ̀bẹ yọ. Ó gun orí ẹrù náà, ó gé okùn tó di tapólì mú, ó sì fà á ya.

Àyè kan wà nínú ẹrù náà.

Kò sí ẹni tó ṣe é síbẹ̀. Láàárín àgbá àti kẹ́ẹ̀gì àti pátákó, àyè kan wà tó gba èèyàn kan tó jókòó. Eruku bo gbogbo nǹkan yòókù, ṣùgbọ́n pákó tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ń dán, bí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Àpótí dúdú náà wà láàárín rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e láìmọ̀. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ó kígbe. Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni ló ké. Ó gbé àpótí náà, ó sọ ọ́ sómi. Ó gé okùn ìgbòkun, aṣọ ńlá náà sì wó lulẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gé ohun gbogbo, ó ń gbé, ó ń tì, ó ń jù. Kẹ́ẹ̀gì lọ, àjẹ̀ lọ, àwọ̀n lọ. Ìdákọ̀ró tó dípẹtà ya ọwọ́ rẹ̀, kò mọ̀. Ó ń wí pé, “Ìyá Mobọ́lájí, mò ń bọ̀. Mò ń bọ̀, jọ̀ọ́.” Bí ẹrù ti ń lọ ni ọkọ̀ ń gbéra sókè nínú omi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún tó wá lè mí.

Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí ọkọ̀ pa dà, ó wọ inú kùrukùru.

Ẹrù tó jù nù kò tètè lọ. Ó ń léfòó yí i ká, ó ń fi orí kan ara ọkọ̀ jẹ́jẹ́, tọ̀tún tòsì. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó dákẹ́, ó tẹ́tí. Ohùn kan dáhùn láti apá ọ̀tún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọkọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn náà kò pe orúkọ rẹ̀. Ó rọlẹ̀, ó tutù, ó dà bí ohùn ẹni tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn. Ó dáa kó wà, ló ń wí. Ó dáa kó wà. Ó lè jẹ́ omi ló ń wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Ọkùnrin náà kò dúró wádìí. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí kò ti gbọ́ nǹkan kan, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó ti rẹ̀ kì í pariwo mọ́.

Ó wa ọkọ̀ títí apá rẹ̀ fi kú. Nígbà náà ló gbọ́ ikọ́.

Àwọn apẹja kan ti ri igi mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà láti fi ṣọgbà fún ẹja. Ara ọ̀kan nínú àwọn igi náà ni obìnrin náà dì mọ́, omi dé ọrùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

“Mú ọwọ́ mi.”

Obìnrin náà kò mú un. Kò wo ojú rẹ̀ pàápàá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, lókè èjìká rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?” ló bi í, pẹ̀lú ohùn tó ti há.

“Èmi nìkan ni.”

“Ẹ wò ó dáadáa.”

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà láti yíjú pa dà, ṣùgbọ́n ó yíjú. Pákó lásán ló wà níbẹ̀, láti ìdí ọkọ̀ dé iwájú, tútù, pẹ̀lú àpá ibi tí àwọn ẹrù ti jókòó. “Kò sí ẹnì kankan,” ló wí, ó sì bú sẹ́kún. Obìnrin náà tún wo ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó na ọwọ́ sí i.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ìyá àgbà sì gbé e jó. Ẹní tó hun fún un, orí ilẹ̀ ló ti hun ún, nínú àgbàlá ilé ọkọ Mobọ́lájí, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì kò sọ ọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ máa lọ, ìyàwó rẹ̀ ní òun kò tíì ṣe tán. Ló bá so ọkọ̀ mọ́ èbúté níbẹ̀, ó ń kan ọkọ̀ àwọn apẹja ìlú náà. Láràárọ̀ ni obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi. Á dúró lókè, á wo ojú pákó ọkọ̀ náà láti ìdí dé iwájú kí ó tó kí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí okùn tuntun kan tí ẹnì kan fún ọkọ rẹ̀, tó ká sí ìdí òpó. Ó yí pa dà sókè. Ọkùnrin náà wo okùn náà, ó wo ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ, kò sì rántí ìgbà tí òun gbé e síbẹ̀. Ó sáré, ó fi í fún apẹja àkọ́kọ́ tó bá pàdé.

Ó tún ṣe díẹ̀ kí obìnrin náà tó gbà láti gorí ọkọ̀. Ó rìn ín láìwọ bàtà, síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ó ń wá hun ẹní níbẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á lọ sùn sílé ọmọ rẹ̀. Mobọ́lájí bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò sùn lọ́dọ̀ bàbá òun. Ó ní, “Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ibẹ̀ máa ń ṣófo.” Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń gbá ọkọ̀ náà tó sì máa ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀, yálà ó dọ̀tí o, kò dọ̀tí o.

Ìwọ tó jókòó síwájú mi yìí, o ti gbọ́ ìtàn ọkùnrin náà. Mi ò bi ọ́ ní ohun tó wà nílé rẹ. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi ọ́ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, wàá ṣàlàyé, àlàyé rẹ á sì tọ́. Iṣẹ́ kejì tí o mú kún ti àkọ́kọ́ nítorí ọ̀la. Ìbínú tí o tọ́jú kí wọ́n má baà tún rẹ́ ọ jẹ. Ọ̀rọ̀ tí o kò sọ fún aya rẹ kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Ààbò lo pè wọ́n, nítorí aya rẹ náà lo sì ṣe kó wọn jọ. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí o ti gbọ́ ohun tó wí láìjẹ́ pé o pariwo bi í pé kí lo wí. Ó sì pẹ́ tí òun náà ti ń dá ọ lóhùn pé kò sí nǹkan.

Má ṣe dúró de ọjọ́ tí omi yóò fọ́n. Tí o bá délé lónìí, pe orúkọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Tó bá dá ọ lóhùn, má pariwo, má sì ní kó wá bá ọ. Ìwọ ni kí o rìn lọ bá a. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ bá kọ́kọ́ kọ lù lọ́nà, òun ni kí o kọ́kọ́ gbé jù nù.